Òróró Tí Ìyá Diao Fi Pamọ́

Gou Tingxiu kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó kékeré kan síwájú ẹnu ààrò, tó ní kó jókòó síbẹ̀, kó máa kóná. Ọdún náà gan-an ni bàbá yìí fi ìgbakọ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Gou Bangfu, lọ́wọ́. Alásè ni bàbá wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé ìyàwó, tàbí tí wọ́n fẹ́ sin òkú, ní àwọn abúlé orí òkè tó wà níhà tiwọn ní Sichuan, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ó máa ń sọ pé ìgbakọ ni ti ọmọkùnrin, iná ni ti ọmọbìnrin. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé ta ló pín in bẹ́ẹ̀.

Ìdí iná ni Tingxiu ti mọ òróró. Lára yusai ni wọ́n ti ń fún òróró lọ́dọ̀ wọn, ewébẹ̀ tí òdòdó rẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú kárí oko nígbà tí òtútù bá ń lọ, tí wóró rẹ̀ sì kéré ju wóró ọkà bàbà lọ. Òróró yusai ki, ó pọ́n, ó sì lè gba iná líle, ṣùgbọ́n olóríkunkun ni. Bí èèyàn bá da ẹran sí i kó tó jinná, gbogbo oúnjẹ á máa rùn bí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Bó bá sì pẹ́ jù lórí iná, á korò. Nítorí náà, òróró fúnra rẹ̀ ni alásè kọ́kọ́ ń sè. Á dà á sínú agbada irin, ìfófó á bo ojú rẹ̀, ìfófó á tún kú, èéfín tín-ín-rín á gbéra. Òórùn koríko á máa lọ, òórùn mìíràn tó dùn bí ẹ̀pà yíyan á máa bọ̀. Àárín èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Inú èémí mẹ́ta yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fa iná sẹ́yìn.

Tingxiu mọ èémí mẹ́ta náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó jókòó sídìí rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí bàbá wọn kú, Bangfu jogún agbada, ó jogún ìgbakọ, ó sì jogún orúkọ. Tingxiu ti lọ sílé ọkọ lábúlé kejì nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí Bangfu bá ti ránṣẹ́ pé àsè wà, Tingxiu á wé gèlè dúdú rẹ̀, á sì lọ jókòó síwájú ẹnu ààrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Èéfín pa ojú rẹ̀ láró, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Bí àwọn àlejò bá jẹun yó, tí wọ́n wá wo ẹni tó sè é, orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà kọjá lọ bọ Bangfu lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ibà kan dá Bangfu dùbúlẹ̀ fún ogúnjọ́ gbáko. Nígbà tó dìde, kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́. Kò gbóòórùn ata, kò gbóòórùn ọtí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbóòórùn ẹlẹ́dẹ̀. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣú, kò lè rí èéfín tín-ín-rín. Kò sọ fún ẹnì kankan. Tingxiu ló fúnra rẹ̀ mọ̀, nítorí pé níbi àsè ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n sè lẹ́yìn àìsàn náà, ó rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé abọ́ ẹran sókè, tó fẹ́ dà á sínú òróró tó ṣì ń rùn bí koríko. Ó fi ẹ̀mú iná kan bíríkì ààrò lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. Bangfu dúró. Nígbà tí òróró jinná, ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Bangfu da ẹran sí i.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò bára wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí àsè tí ẹ̀mú iná kì í dún. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn tilẹ̀ ń sọ pé ọwọ́ Bangfu tún dùn sí i ju bó ṣe wà kó tó ṣàìsàn lọ.

Nínú oṣù tó gbẹ̀yìn ọdún kẹta yìí ni Ìyá Diao, arúgbó kan tó ń gbé lábúlé òkè, pé ọgọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀, Diao Changgui, ní kí Bangfu wá se àsè tábìlì ogún. Tingxiu àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ gòkè lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, Bangfu ru agbada, Tingxiu gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀bẹ. Ọ̀nà tútù, ó ń yọ̀.

Ó pẹ́ tí Tingxiu ti ń to ọ̀rọ̀ kan sínú. Ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú ló ti sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín."

"Bẹ̀ mí kíákíá, ẹrù ń wọ̀ mí lọ́rùn."

"Lọ́la, bí wọ́n bá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ alásè, ẹ jẹ́ kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ kàn sọ pé àwa méjèèjì la sè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìdúpẹ́ alásè ni ohun tí wọ́n ń ṣe bí oúnjẹ bá tán. Olóde fúnra rẹ̀ á gbé àwo wá sídìí ààrò, aṣọ ìnura tuntun, sìgá, ọtí àti ẹ̀bùn tí wọ́n fi bébà pupa wé, á sì tẹrí ba fún alásè lójú gbogbo èèyàn. Tingxiu ti wo ìdúpẹ́ yìí láti orí àpótí ìjókòó rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun.

Bangfu rẹ́rìn-ín. "Ìwọ adáná? Kí wọ́n wá máa sọ pé obìnrin ló ń gbé mi ró?"

"Ṣé irọ́ ni wọ́n máa pa?"

Ẹ̀rín náà lọ. "Tingxiu, ṣọ́ ẹnu ẹ."

"Mo ti ń ṣọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta. Bẹ́ ò bá fẹ́ kí n dúró, ẹ̀mú iná ò ní dún. Ẹ máa fi imú yín se é."

Bangfu yí agbada sí èjìká kejì, ó ń lọ. Tingxiu rò pé ọ̀rọ̀ òun ti wọlé. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ ní ìyókù ọ̀nà náà, ó tilẹ̀ ń ro ibi tó máa gbé ọwọ́ sí bó bá dúró níwájú àwọn èèyàn.

Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ọkùnrin ilé ti fi bíríkì mọ ààrò mẹ́ta sí àgbàlá. Wọ́n gbé òróró oríṣi méjì síwájú wọn. Èkíní wà nínú kẹ́ẹ̀gì ike mẹ́fà, òróró ẹ̀wà sóyà láti ilé iṣẹ́, tí ọmọbìnrin Changgui fi ránṣẹ́ láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ́ bí omi kànga. Èkejì wà nínú ìkòkò amọ̀ ńlá méjì tí wọ́n fi aṣọ àti okùn dì lẹ́nu. Ìyá Diao ló jókòó tì wọ́n.

"Èyí ni kẹ́ ẹ lò," ni ìyá náà sọ. "Èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo fi dòjé gé e, èmi náà ni mo dúró nídìí ẹ̀rọ títí wọ́n fi fún un tán. Láti oṣù karùn-ún ni mo ti dì í. Mi ò jẹ́ kí Changgui fọwọ́ kàn án. Mo ní ọjọ́ tí mo bá pé ọgọ́rin, òróró mi làwọn èèyàn máa jẹ."

Ó wá bojú wo Tingxiu. "Adáná, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ, Màámi."

"Irọ́ lò ń pa. Wọn kì í rántí ẹ." Ó ní kí wọ́n lọ bu nǹkan wá. Nínú gbogbo òde tí Tingxiu ti kóná rí, Ìyá Diao nìkan ló máa ń ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un kí àwọn àlejò tó jókòó.

Ìyá náà tú okùn. Òórùn òróró jáde, Tingxiu sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun ti rí irú rẹ̀. Ó mọ́ lóòórùn, ó ta sán-sán, kò ní ẹ̀gbin kankan nínú. Òróró tí alásè ń wá kiri ni.

Bangfu kò wo ìkòkò. Kẹ́ẹ̀gì ló ń wò.

"Èyí tó mọ́ yìí ni màá lò," ló sọ.

Ẹnu ya Changgui. "Alásè, ẹ dákun, ti ìyá mi ni ká lò. Ọjọ́ wọn ni. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé kò sóhun tó dà bí yusai?"

"Ayé ti yí padà. Èyí kò ní wàhálà. Ó lè gba iná, kì í rú èéfín, kì í rùn."

"Àwọn àgbà máa bínú o."

"Bí wọ́n bá tọ́ ọ wò, wọn ò ní bínú."

Ìyá Diao dìde. Ó ti tẹ̀ díẹ̀, ó di etí ìkòkò mú. "Bangfu, bàbá ẹ lo òróró mi nígbà tí mo gbé ìyàwó fún ọmọ mi. Kí ni tèyí ṣe? Sọ ọ́ fún mi, mi ò ní bínú."

Àwọn obìnrin tó ń bó àlùbọ́sà gbójú sókè. Bangfu wo ilẹ̀, ó wo ọ̀run, ó wá wo àbúrò rẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́, Màámi," ló sọ. "Tingxiu ló gbóòórùn ẹ̀ báyìí bẹ́ ẹ ṣe tú u. Ẹni tó ti ń bá òróró gbé láti ọgbọ̀n ọdún, imú ẹ̀ kì í purọ́. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí Tingxiu. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò wò ó rí láyé rẹ̀.

Ó mọ ohun tí òun lè sọ. Ó lè ní òróró yìí kò ní àbùkù, pé ẹ̀gbọ́n òun ni kò gbóòórùn mọ́, pé ẹ̀mú iná ló ti ń bá a se àsè. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀la, ọ̀rọ̀ náà á ti sọ̀ kalẹ̀ dé gbogbo abúlé, kò sì ní sí ẹni tó máa tún ránṣẹ́ pe Gou Bangfu láé. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bangfu tẹjú mọ́ ọn. Ó ń bẹ̀ ẹ́, òun tí kò bẹ̀ ẹ́ rí. Tingxiu sì rò ó pé bí òun bá gbà á là báyìí, kò lè ṣe kó má jẹ́ kí òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́la. Ká má purọ́, ìdí kejì yìí ló lágbára jù nínú ọkàn rẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́, Màámi," ni Tingxiu sọ.

Ìyá Diao tẹ̀ mọ́ ẹnu ìkòkò, ó fa òórùn náà símú, ó tún un fà. "Lójú tèmi, ó dára."

"Màámi," ni obìnrin aládùúgbò kan sọ, "ọgọ́rin ọdún ti gbé imú yín lọ. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu yín sílẹ̀ fún wa o." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá Diao náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di okùn náà padà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò rí i dì, ọmọ rẹ̀ ló bá a dì í.

Ní ọ̀sán náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹran. Tingxiu kó igi sábẹ́ òróró mímọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fẹ́ kó ṣe bí òróró burúkú, kó rú èéfín, kó jóná, kó dójú tì wọ́n. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òróró náà gba gbogbo iná tó dá sí i, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú agbada. Ẹran bọ́ sínú rẹ̀, ó ta, ó pọ́n, ó jáde ní gbígbẹ dáadáa. Kò sí òórùn koríko tí wọ́n máa dúró dè. Bangfu kò bojú wo ẹnu ààrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí tábìlì kún, wọ́n yí ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lórí iná pẹ̀lú ata tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan. Oúnjẹ yìí ló máa ń fi alásè hàn, nítorí iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ le débi pé ahọ́n iná á wọ inú agbada, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, ẹ̀dọ̀ á le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tí òróró gbóná tó, Tingxiu kan bíríkì lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Bangfu ti da ẹ̀dọ̀ sí i kó tó kàn án.

Ẹ̀dọ̀ náà rọ̀. Wọ́n gbé e lọ, àwo sì padà wá ní gbígbẹ.

"Kò ní òórùn àsè," ni bàbá arúgbó kan sọ lórí tábìlì tó sún mọ́ ààrò.

"Bàbá, ṣé òórùn lẹ wá jẹ ni?" ni ẹnì kejì dá a lóhùn. "Ẹ mú igi ìjẹun yín, kẹ́ni kan má baà kó tiyín."

Bàbá náà mú igi ìjẹun rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ òróró.

Nígbà tí oúnjẹ tán, Changgui gbé àwo ìdúpẹ́ bọ̀. Tingxiu ti rí i lókèèrè. Ó bu omi bọ́jú, ó tú gèlè, ó tún un wé, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Àwọn àlejò wá yí wọn ká. Changgui tẹrí ba.

"Alásè, ẹ ṣeun. Ọwọ́ yín ò ní ṣá."

Bangfu fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà. Changgui rí Tingxiu lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró bí ẹni tí kò mọ ohun tó kàn. "Àbúrò yín náà ńkọ́?"

"Ta ni?" Bangfu yíjú. "Áà, adáná mi nìyẹn. Kò tíì jẹun ni. Ẹ bá mi ní kí wọ́n bu ìyókù fún un."

Wọ́n bu ìyókù fún un.

Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù, Bangfu sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Inú mi dùn sí ohun tó o ṣe lánàá. Ọmọ ìyá ni ẹ́." Ó ń wá ọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n o ti dàgbà, èéfín kò dára fún ẹ. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ààrò gáàsì. Àsè tó kàn lókè lọ́hùn-ún, jókòó sílé, sinmi."

"Àti òróró?"

"Èyí tó mọ́ yẹn ni màá máa lò. Ìwọ náà ṣáà rí i pé ó dára."

Tingxiu ti rí i.

Ó gbé agbada lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí omi wà, kó lè fọ̀ ọ́. Òórùn ló kọ́kọ́ dá a dúró. Ìyá Diao wà létí kòtò ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó fi orúnkún gbé ìkòkò òróró, ó ń gbìyànjú láti dojú rẹ̀ dé. Ìkòkò kan ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ pupa tí wọ́n rà fún un fún ọjọ́ ìbí ti rin fún òróró níwájú.

"Màámi, ẹ dúró," ni Tingxiu sọ. "Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń da òróró tó bàjẹ́ nù."

"Kò bàjẹ́."

Ìyá náà kò yíjú. "Mo ti fún àna mi ní ìgò méjì nínú ẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo ní kí wọ́n lọ gbà á padà, kí wọ́n má baà fi ṣàìsàn. Ojú tì mí."

Tingxiu gbé agbada sílẹ̀. "Màámi, òróró yín dára. N kò gbóòórùn èyí tó dára tó o láti ọdún mẹ́wàá. Irọ́ ni mo pa."

"Kí nìdí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kò gbóòórùn mọ́. Láti ìgbà tó ti ṣàìsàn. Bí kò bá ní imú, kò lè se yusai, ìdí nìyẹn tó fi mú èyí tó mọ́. Èmi ni mo máa ń bá a gbóòórùn ẹ̀."

Ìyá Diao yíjú nísinsìnyí, ó wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

"Bangfu tó se àsè tábìlì ogún lónìí, tí gbogbo àwo padà ní gbígbẹ? Òun ni kò gbóòórùn?"

"Òun ni, Màámi."

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tó sọ nípa ẹ níwájú àwọn èèyàn. Ó dùn mí fún ẹ. Ṣùgbọ́n má torí ẹ̀ ba ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ́." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Lánàá tí ojú pọ̀, o ní ó bàjẹ́. Lónìí tó jẹ́ èmi àti ẹ nìkan, o ní ó dára. Èwo ni kí n fi jẹun nínú méjèèjì?"

"Ti òní."

"Ti òní." Ìyá náà mi orí. "Bí mo bá gbé e wọlé, ta ló máa jẹ ẹ́? Changgui ti ní òun ò fẹ́ kó kan ẹnu àwọn ọmọ òun. Ṣé wàá lọ sọ fún un níwájú gbogbo wọn?"

Tingxiu wo ọ̀nà àgbàlá. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, wọ́n ń bu ọtí fún un. Bó bá lọ sọ ọ́ nísinsìnyí, àwo tó padà ní gbígbẹ ló máa jẹ́rìí lòdì sí i, wọn á sì ní ìlara ni.

Ìyá Diao dúró dè é díẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò ní lọ, ó tún tẹ̀ mọ́ ìkòkò.

"Ó wúwo," ló sọ. "Bó ò bá ní nǹkan tó ò ń fọwọ́ ṣe, wá bá mi gbé ìdí ẹ̀."

Tingxiu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé ìdí ìkòkò náà sókè.